Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní Òṣogbo: ṣé kí n gbin àgbàdo báyìí?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ òjò ni mo bá wá.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí pẹ́ jù. Ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ tán, ooru gba ipò rẹ̀, omi kànga wa ní Òkè-Baálẹ̀ sì fà débi pé ẹrẹ̀ la ń fà sókè. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí òjò dé tòun ti ìjì àti àrá. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyẹ́ esúnsún ti kún ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ sì ti ń yan èyí tí wọ́n rí kó. Ìrókò ẹ̀yìnkùlé tó ti wọ́wé tán náà ti ń rúwé. Inú mi dùn ju ọjọ́ owó oṣù lọ!

Mo ní ilẹ̀ díẹ̀ lọ́nà Ìkìrun. Àgbàdo ni mo fẹ́ gbìn síbẹ̀, torí ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ gbó lọ́jà ló ń rówó gidi. Ìyàwó mi ní kí n gbìn ín kíákíá. Bàbá tó ni oko ìtòsí ní kí n ní sùúrù, pé òjò oṣù kẹta máa ń tanni: ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tún dá, kí èèhù sì gbẹ mọ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń mọ̀ pé òjò ti dúró dáadáa? Ṣé ẹ máa ń gbẹ́ ilẹ̀ wò bóyá ó tutù wọnú? Ẹ̀gẹ́ tí mo fẹ́ fi kún un ńkọ́, ṣé ó lè ṣáájú? Irúgbìn tó wà lọ́wọ́ mi kò tó èyí tí mo lè fi tún un gbìn o.