Àbúrò mi tó kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ti ríṣẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo bi yín lọ́jọ́sí pé báwo ni àbúrò mi, ọmọ oko tó kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, ṣe máa bẹ̀rẹ̀ láìní maṣíìnì. Ó ti yanjú! Ó yege ìdánwò CQM tí ìjọba Benin ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́ ọwọ́. Àmọ́ ìwé ẹ̀rí nìkan ò lè ránṣọ. Àjọ tí ìyá wa kó la fi ra maṣíìnì àfọwọ́yí, àlòkù. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí i, káàkì ọmọ ilé-ìwé ló ń rán, téèpù lọ́rùn, òwú lẹ́nu. Oníbàárà méjì ti jókòó dè é. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká má ra oníná, ẹ ṣeun gan-an: iná ò tíì dé abúlé wa. Ìbéèrè mi parí síbí.