Akọbo kọ́, akọdabo ni: ọ̀rọ̀ lórí ìbímọ ọ́ísítà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ ṣẹ̀dá fún ìbímọ ọ́ísítà, ẹran omi oníkarawun méjì. Àmọ́ "akọbo" tí ẹ pe ọ́ísítà kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé akọ àti abo wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ti ìgbín. Akọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá dàgbà tó sì tóbi, á wá di abo. "Di" yẹn gan-an ni ẹ gbàgbé. Akọdabo ni ká pè é.

"Ìsàba" tí ẹ pe bó ṣe ń bímọ náà ò bá a mu. Adìyẹ ló ń sàba. Ní ti Crassostrea, irú ọ́ísítà kan, tí omi bá ti móoru tó, akọ á tú àtọ̀ sómi, abo á tú ẹyin, àìmọye mílíọ̀nù. Bí wọ́n bá jìnnà síra, omi á fọ́n àtọ̀ ká, ẹyin á ṣòfò. Ìtúsómi nìyẹn.

Ẹ tún pe ọmọ rẹ̀ ní ìdin. Ìdin kẹ̀! Kí ọjọ́ méjì tó pé, ó ti ní ìkarawun méjì, ó ń fi irun wínníwínní lúwẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, àmì dúdú bí ojú á yọ lára rẹ̀, ẹsẹ̀ kan á sì yọ tó fi ń tọ́ ibi líle wò. Ìkarawun ọ́ísítà àtijọ́ ló wù ú jù. Tí ẹrẹ̀ bá bo ibẹ̀, kò ní rí ibi lẹ̀ mọ́. Tí ibẹ̀ bá mọ́ tónítóní, á fi ìkarawun òsì lẹ̀ mọ́ ọn, kò tún ní kúrò níbẹ̀ láyé. Mo pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní "atẹ̀dó".

*

Àbúrò, mo gba ti ìgbín. Ṣùgbọ́n Ostrea edulis, irú ọ́ísítà mìíràn, ńkọ́? Òun ń sàba! Abo á fa àtọ̀ wọlé pẹ̀lú omi, á tọ́jú ọmọ sínú ìkarawun rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Wọ́n á kọ́kọ́ funfun; bí ìkarawun wọn ti ń yọ, wọ́n á dà bí eérú, wọ́n á wá dúdú kó tó tú wọn síta. Lẹ́yìn náà, ìyá á tún dakọ. Akọdabo rẹ kò dé ibẹ̀. Ẹni tó bá sáré pè é, "ó dàbọ̀" la ó gbọ́.

*

Ẹ̀gbọ́n, ohùn ìsàlẹ̀ àti "ọ" ló wà nínú dàbọ̀. Ohùn àárín àti "o" ni dabo. Etí àwọn àgbà ayé àtijọ́ kò ní ṣì í gbọ́.

*

Etí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni mo ń wí. Atẹ̀dó náà ńkọ́? Ẹni tó tẹ̀dó lè ká àgọ́ rẹ̀ kúrò. "Alẹ̀mọ́", ẹni tó lẹ̀ mọ́ nǹkan, ló tọ́. "A-" ni o, kì í ṣe "à-".