Ìráyèsí, àrọ́wọ́tó, tàbí àìdínà?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo béèrè nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a lè fi pe ohun tí àwọn Faransé ń pè ní accessibilité numérique, ìyẹn ni pé kí afọ́jú, adití àti gbogbo ènìyàn lè lo ayélujára àti fóònù. Àbúrò mi kan tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ ló fà á. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti kékeré, ó sì mọ fóònù lò jù mí lọ. Ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, kí òun náà lè máa yẹ ojú-ìwé ayélujára wò fún àwọn tó ń ṣe é, kí ó máa fi ibi tí afọ́jú, adití tàbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kò ti ní lè lò ó hàn wọ́n. A fẹ́ kọ ìkéde tí wọn yóò kà lórí rédíò, bóyá a ó rí àwọn mìíràn tó fẹ́ kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há mi lọ́fun.

Ìdáhùn méjì ló gba iwájú nínú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́. Màmá wa tó ń kọ́ni ní Ìbàdàn ní kí a lo ìráyèsí, pé àwọn kan ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu ní àrọ́wọ́tó ti tó, pé ọmọdé gan-an gbọ́ ọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì jáde kúrò nínú ilé.

Mo ka gbólóhùn tó ní ìráyèsí nínú fún ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Ouando. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ta ni kò ráyè?" Ohun tó gbọ́ ni pé ọwọ́ ẹnìkan dí. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ẹni tó bá ní òun kò ráyè, àsìkò ni kò ní. Màmá lè sọ pé bí a bá ń lò ó, etí á mọ̀ ọ́n. Mo gbà. Ohun tó wúwo jù lọ́kàn mi ni pé ọ̀rọ̀ náà kò kọjá ẹnu ọ̀nà; wíwọlé nìkan ló ń sọ. WCAG, ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀lé lágbàáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún ayélujára, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1999, tí ẹ̀dà 2.2 rẹ̀ sì jáde ní oṣù kẹwàá 2023, dúró lórí ohun mẹ́rin: kí ènìyàn lè fojú, fetí tàbí fọwọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀, kí ó lè lò ó, kí ó yé e, kí onírúurú ẹ̀rọ sì lè kà á. Àbúrò mi a máa wọ ojú-ìwé kan wọ́ọ́rọ́wọ́, lẹ́yìn náà fóònù rẹ̀, tó ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè fún un, á bẹ̀rẹ̀ sí í pe "bouton, bouton, bouton", torí ẹni tó ṣe é kò fún bọ́tìnnì kankan lórúkọ. Ó ti ráyè wọlé. Kí ló rí ṣe níbẹ̀?

Àrọ́wọ́tó ni mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni, kò sì nílò àlàyé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó ti gbà á: bí o bá ní ẹ̀kọ́ kan wà ní àrọ́wọ́tó, owó rẹ̀ tó mọ níwọ̀n ni èrò ọkọ̀ á gbọ́. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ yìí sọ pé ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ gidi, bí a ti ń wí pé ọwọ́ mi tẹ nǹkan. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀ wò ó dáadáa: ẹni tó ń nawọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń wò. Kò wo ẹni tó lọ gbé nǹkan sí orí àjà.

Èyí tí mo fẹ́ fi lélẹ̀ lónìí kì í ṣe èmi ni mo rò ó. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù, mo ń ka àwọn ọ̀rọ̀ yín fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò dá sí ọ̀kankan. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá yẹn dínà o." Ó ti sọ ọ́ tán. Dínà, dí ọ̀nà. Ojú-ìwé yìí dínà fún adití, torí ọ̀rọ̀ inú fídíò rẹ̀ kò sí ní kíkọ. Àwọ̀ lẹ́tà yìí dínà fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, torí ó sún mọ́ àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ jù. (Ìlànà WCAG béèrè ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó tó 4.5 sí 1, ó kéré tán, láàárín àwọ̀ méjèèjì fún lẹ́tà tí kò tóbi.) Ohun tó ṣe é ni ìdínà. Ibi tí kò bá sí ìdínà ni a rí àìdínà. Èyí tó sì dùn mọ́ mi nínú jù, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé: ìlànà fúnra rẹ̀, là ọ̀nà ló wà nínú rẹ̀. Ìlànà Àìdínà! Àwọn ọ̀rọ̀ náà mọra wọn tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu kò fẹ́ ẹ. Ó kọ̀wé sí mi pé ṣé n kò mọ Àkábà Ìdènà ni, ẹnu ibodè tó ṣọ́ Kétu fún àwọn baba wọn; ṣé ohun tó dáàbò bo ìlú ni a fẹ́ sọ di orúkọ àléébù? Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n dè kọ́ ni dí. Ẹni tó ń dènà ń ṣọ́ ọ̀nà; ó mọ ẹni tó ń bọ̀, ó sì lè ṣílẹ̀kùn fún ọmọ onílé. Ẹni tó dínà kò ṣọ́ nǹkan kan. Ó gbé òkúta sójú ọ̀nà ó sì bá tirẹ̀ lọ, onílé kò kọjá, àlejò kò kọjá. Ẹni tó ṣe ojú-ìwé tí afọ́jú kò lè lò kò bá afọ́jú jà. Kò rántí rẹ̀ ni.

Àwa náà ń ṣe é níhìn-ín. Ìwé tí àbúrò mi ní ó dínà yẹn, fọ́tò ojú-ewé ìwé atúmọ̀ èdè kan ni, èyí tí a jọ ń yìn nínú ẹgbẹ́ yìí. Fóònù rẹ̀ sọ fún un pé àwòrán ni, ó sì dákẹ́. Àti pé bí a bá gbé Yorùbá sórí ayélujára láìkọ lang="yo" sínú kóòdù ojú-ìwé náà, ẹ̀rọ kò mọ èdè tó jẹ́; ohùn Faransé ni wọ́n fi ń ka ọ̀rọ̀ wa fún un.

Ohun kan tún wà tó ti ná wa lọ́jọ́ púpọ̀. Nígbà tí a ń wá ẹ̀kọ́ yìí ní èdè Faransé, "formation" àti "accessible" la fi ń wá a, ohun tó sì ń jáde ni ẹ̀kọ́ aṣọ rírán, ọṣẹ ṣíṣe, iṣẹ́ ọ́fíìsì, tí wọ́n ní àwọn handicapé lè wá kọ́. Ó dára, àmọ́ kì í ṣe òun là ń wá. Ẹ̀kọ́ tí kò dínà fún aláàbọ̀ ara yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ nípa àìdínà. Yorùbá pín méjèèjì yéke báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kí ẹni tó bá ń wá a kọ accessibilité numérique pọ̀, kó fi RGAA kún un: ìlànà ìjọba Faransé ni, ó ní ìbéèrè 106, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà rẹ̀. Fún ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, W3C ní ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ kan lórí edX, ojúlé ẹ̀kọ́ orí ayélujára, tí ènìyàn lè tẹ̀ lé láìsanwó. Ìwé-ẹ̀rí nìkan ni wọ́n ń gbowó fún. NVDA tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fún afọ́jú, ọ̀fẹ́ ni. Afọ́jú kan ní Ọsirélíà, Michael Curran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, James Teh, afọ́jú bíi tirẹ̀, sì dara pọ̀ mọ́ ọn.

Mo kọ aláàbọ̀ ara, mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ akàndá ẹ̀dá. Abirùn ni n kò fẹ́, torí etí ń gbọ́ àrùn nínú rẹ̀. Àbọ̀ tó wà nínú aláàbọ̀ ara náà kò fi bẹ́ẹ̀ tù mí lára. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fi òǹtẹ̀ lù ní 2012, sọ pé ìgbà tí àléébù ara bá pàdé ìdínà láwùjọ ni ìṣòro náà ń bẹ̀rẹ̀. A sì ní òfin tiwa ní 2017 lórí ẹ̀tọ́ wọn. Nínú ìkéde, mo dárúkọ afọ́jú ní afọ́jú, adití ní adití. Bí àbúrò mi ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ìkéde náà rèé:

"Ẹ̀yin ọmọ Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, à ń wá àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àìdínà lórí ayélujára, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní accessibilité numérique. Iṣẹ́ náà ni kí a máa wá ibi tí ojú-ìwé tàbí fóònù ti dínà fún afọ́jú, fún adití, fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, kí a sì la ọ̀nà náà. Ẹ̀kọ́ ọ̀hún kò dínà fún ẹnikẹ́ni."

Ẹni tó bá rí ibi tí gbólóhùn kan ti kọsẹ̀, kó kọ̀wé kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé. Ẹ jọ̀ọ́, kíkọ ni kí ẹ kọ ọ́, ẹ má ya fọ́tò rẹ̀. Àbúrò mi ti wọ ẹgbẹ́ yìí láti àná.