Synodontis multipunctatus mi kò rí ẹyin rẹ̀ fi sẹ́nu síkílídì: kí ló kù tí mi ò ṣe?

Ọmọ_Odò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Táǹkì gíláàsì mi gùn ní 120 cm, ó fẹ̀ ní 45, ó sì ga ní 45. Synodontis multipunctatus mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ẹja onírùngbọ̀n tó ń da ẹyin tirẹ̀ mọ́ ti síkílídì kí ìyẹn lè bá a tọ́ ọ lẹ́nu; kò sí èyí tó ju 8 cm lọ. Síkílídì (ìdílé ẹja tí ẹpìyà wà nínú rẹ̀) tí mo kó mọ́ wọn ni Astatotilapia burtoni: akọ méjì, abo mẹ́ta. Àwọn abo ń gbẹ́yin sẹ́nu dáadáa, níbi tí wọ́n ti ń pa á, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ tiwọn nìkan ni wọ́n ń tu jáde. Omi bóhóòlù ni mò ń lò, pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí; 7 ni àárín, èyí tó bá kéré sí i kan) jẹ́ 6.4. Mo fi ìkarahun ìṣáwùrú tí mo fọ́ sínú fílítà, ó wá gòkè dé 7.3. Ooru omi náà wà láàárín 28 sí 30°C. Níbo ni àṣìṣe wà? Ṣé mo sì lè lo ẹpìyà dípò síkílídì yìí, nígbà tí òun náà ń tọ́mọ lẹ́nu?

BàbáGíláàsì
Ẹ fi ẹpìyà sílẹ̀. Òótọ́ ni pé abo rẹ̀ ń gbẹ́yin sẹ́nu, ṣùgbọ́n á dàgbà ju táǹkì yẹn lọ, á sì wú gbogbo yanrìn ilẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ yé.

Synodontis yín ṣì kéré. Tí wọn ò bá tíì tó nǹkan bí 10 cm, ẹ má tíì retí ẹyin. Mẹ́rin náà ò tó. Ẹ wo bó ṣe ń lọ: abo síkílídì á yé ẹyin mélòó kan, á yí padà lójú ẹsẹ̀, á sì ṣà wọ́n sẹ́nu. Àárín ìyípadà yẹn ni Synodontis ní láti já wọbẹ̀, kó jẹ lára ẹyin náà, kó sì da tirẹ̀ sílẹ̀. Abo síkílídì tí ìdààmú ti bá á máa ṣa ohunkóhun tó bá bá nílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì ló wá, akọ á lé wọn dànù. Tí wọ́n bá tó mẹ́fà sí mẹ́jọ, kò ní lé wọn tán.

Akọ síkílídì méjì nínú 120 cm, ìjà ni. Ẹ yọ ọ̀kan, kí ẹ sì sọ abo di márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. A. burtoni ń gbé adágún Tanganyika àti àyíká rẹ̀, níbi tí Synodontis yìí ti wá. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018 fi hàn pé síkílídì tí ìran rẹ̀ kò bá ẹja yìí gbé rí ló rọrùn jù láti tàn, àti pé èyí tó ti kó sí pańpẹ́ rẹ̀ rí máa ń ṣọ́ra. Nítorí náà, ẹ wá síkílídì adágún Victoria tó ń gbẹ́yin sẹ́nu, kó jẹ́ abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà.

Omi_Kìí_Parọ́
Ọ̀rọ̀ omi ló ká mi lára jù níbí. pH adágún Tanganyika máa ń tó 8.6 sí 9. Ìkarahun nìkan kò lè gbé e dé ibẹ̀. Baking soda ni kí ẹ lò: gíráàmù 6 nínú 50 lítà omi á gbé KH (agbára omi láti di pH mú kó má yí padà) sókè ní nǹkan bí 4. Inú garawa omi tuntun tí ẹ fẹ́ fi pààrọ̀ ni kí ẹ ti pò ó, díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí pH á fi kọjá 8. Ẹ má fi káún rọ́pò rẹ̀ o. Ìdọ̀tí inú rẹ̀ pọ̀, á sì ta pH sókè lójijì.

Kí ẹ tó gbé pH sókè, ẹ rí i pé fílítà yín ti gbó, ìyẹn ni pé kòkòrò tó ń jẹ ammonia (májèlé tó ń ti ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà wá) ti pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹja ti ń kú. Ní 25°C, tí pH bá jẹ́ 7, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ammonia inú omi tó jẹ́ irú tó ń pa ẹja. Tó bá di 8.5, ó ti tó 15. Tó bá di 9, ó ti ju 30 lọ. Oúnjẹ àjẹṣẹ́kù tí kò ṣe nǹkan kan nínú omi bóhóòlù yín tẹ́lẹ̀ lè pa gbogbo wọn ní pH tuntun yìí. Tí iná bá lọ, fílítà dúró nìyẹn, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ tó ń jẹ ammonia náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ ní páńpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì nílé.

30°C ti pọ̀ jù, atẹ́gùn inú omi á dín kù. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ kọjú fáànù sí ojú omi, kó padà sí 25 sí 27.

Ìyá_Ẹlẹ́ja
Ẹ má dúró títí abo síkílídì á fi tu ọmọ jáde fúnra rẹ̀. Ẹyin Synodontis máa ń pa ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, ti síkílídì kò tíì pa nígbà yẹn. Tí wọ́n bá ti jẹ oúnjẹ inú ara wọn tán, ọmọ síkílídì ni wọ́n á máa jẹ nínú ẹnu níbẹ̀, tí ìyẹn bá sì tán, wọ́n á yíjú sí ara wọn. Ẹ kó ọmọ kúrò lẹ́nu abo síkílídì ní bí ọjọ́ kẹrìnlá. Ẹ fi omi táǹkì náà fúnra rẹ̀ sínú abọ́, ẹ rẹ ọwọ́ yín sómi, ẹ di abo mú ní ìdorí kodò, ẹ fi owú orí igi tí a fi ń nu etí ṣí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì máa rì í bọ omi. Ọmọ á máa bọ́ sílẹ̀. Èyí tó ní irùngbọ̀n, tó sì ń sá lọ sábẹ́ òjìji ọwọ́ yín, Synodontis nìyẹn. Mẹ́ta, mẹ́rin lè wà lẹ́nu kan, nígbà mìíràn ẹyọ kan péré.

Ọmọ artemia (irú edé kékeré kan) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni kí ẹ fún wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Ẹ kó èyí tó bá tóbi kúrò láàárín àwọn kékeré.

Tí ẹ bá fẹ́ kó àgbà wọn, ife oníke ni kí ẹ lò. Ẹ̀gún ẹ̀yìn àti ti lẹ́bẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn ní eyín bí ayùn, á há mọ́ àwọ̀n. Ẹni tó bá fà á, ara ẹja náà á ya. Tó bá ti há, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé àwọ̀n náà.

Ọmọ_Odò
Ẹ ṣeun gan-an, mo dúpẹ́. Ṣé kò sí ẹja irú èyí tó ń gbẹ́yin tirẹ̀ sẹ́nu fúnra rẹ̀?

BàbáGíláàsì
Ó wà. Phyllonemus typus, òun náà ti Tanganyika, kò ju 9 cm lọ, ìbátan ọ̀bọ̀kún wa sì ni. Tọkọtaya ló jọ ń gbẹ́yin sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ táǹkì tirẹ̀, òkúta tó ní ihò tóóró, àti ìdákẹ́jẹ́. Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ Synodontis, wọ́n á gba oúnjẹ mọ́ ọn lẹ́nu.