Mo fẹ́ ra ìbọn àkọ́kọ́ ní Houston: kí ni kí n mọ̀ nípa òfin àti ẹ̀kọ́ rẹ̀?

Àdùkẹ́ Houston
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ kan tí n óò máa tọ́jú sílé. Gríìnkáàdì ni mo ní, mi ò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà. Mi ò di ìbọn mú rí. Ọmọ méjì ló wà nílé, ọ̀kan ọdún 6, èkejì ọdún 11. Àwọn kan ń sọ pé Texas ò béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ ẹni mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀kọ́ wo ni kí n kọ́? Àbúrò mi tó wá kàwé níbí náà ní kí n bá òun ra ọ̀kan mọ́ tèmi.

Baba Ìbàdàn, Katy
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè kó yín sí wàhálà. Ẹ má bá a ra ìbọn. Fọ́ọ̀mù 4473 tí ẹ óò kọ ní ìsọ̀ máa bi yín bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ ni ìbọn náà. Ẹni tó bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń rà á fún, ọ̀ràn ìjọba àpapọ̀ ló dá. Láti 2022, òfin tuntun sọ ríra ìbọn fún ẹni tí òfin kò gbà kó ní in di ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 15. Ẹni tó sì wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, físà iṣẹ́ H-1B tàbí físà àbẹ̀wò, òfin ò gbà kó ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́ rárá. Kódà èyí tí wọ́n ń yá èèyàn ní ibi ìdánrawò ìbọn yíyìn, kó má dì í mú. Àyè kan wà fún ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ, ṣùgbọ́n kó má gbára lé e láìkọ́kọ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹjọ́ ìbọn lè mú kí wọ́n lé onígríìnkáàdì kúrò ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ́tọ̀ọ́ láti rà á. Òfin Texas tí wọ́n ń sọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2021, gbígbé ìbọn kiri láìsí láísẹ́ǹsì ló dá lé, kì í ṣe rírà á ní ìsọ̀. Ẹ mú láísẹ́ǹsì ọkọ̀ yín àti gríìnkáàdì dání, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ máa wọ fọ́ọ̀mù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni àdírẹ́sì: bí ẹ bá ti kó kúrò níbi tí láísẹ́ǹsì kọ, ẹ mú ìwé mìíràn tí ìjọba fúnni tó ní àdírẹ́sì tuntun, bíi ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀. Bíìlì fóònù kò tó.

Wọn óò kàn sí FBI, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òfin gbà kí ẹ ní ìbọn. Èsì mẹ́ta ló wà: ó lọ (wọ́n lè tà á fún yín), ó dúró, wọ́n kọ̀. "Ó dúró" kì í ṣe pé wọ́n kọ̀. Bí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta bá kọjá láìsí èsì, òfin gbà kí olùtajà fún yín, ṣùgbọ́n òun náà lè ní òun ò ṣe é. Orúkọ Yorùbá tí wọ́n kọ báyìí lónìí, tí wọ́n kọ báyẹn lọ́la, lè ṣokùnfà ìdádúró. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà lórí káàdì gẹ́lẹ́. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, FBI ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní UPIN fún irú wa, kí wọ́n má baà ṣì wá mú fún ẹlòmíì.

Akin, Dallas
Ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ ná, kí ẹ tó náwó lórí ìbọn. Wọ́n máa ń sọ fún obìnrin pé kékeré ló dáa. Irọ́ ni. Ìbọn kékeré fúyẹ́, torí náà ó máa ń ta ọwọ́ gan-an, irin orí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sláìdì sì máa ń le láti fà. Ìbọn tó ń lo ọta 9mm, tó tóbi díẹ̀, rọrùn jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ yá méjì mẹ́ta ní ibi ìdánrawò, kí ẹ wo èyí tí ọwọ́ yín gbà.

Kíláàsì láísẹ́ǹsì gbígbé ìbọn kiri ní Texas, wákàtí 4 sí 6 ni, òfin ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìdánwò yíyìn rẹ̀ jẹ́ ọta 50: 20 ní yáàdì 3, 20 ní yáàdì 7, 10 ní yáàdì 15. Ẹni tó bá gba 175 nínú 250 ti yege. Ìdánwò lèyí o, kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú. Kíláàsì àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Síbẹ̀, ẹ gba láísẹ́ǹsì náà bí ẹ bá máa gbé e jáde, torí òfin ìjọba àpapọ̀ ka ìbọn léèwọ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí ilé ẹ̀kọ́, ẹni tí ìpínlẹ̀ fún ní láísẹ́ǹsì sì wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀.

Ohun tí kíláàsì gbọ́dọ̀ fi mọ́ yín lára ni yíyọ ọta. Ẹ kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò léwu, kí ìka kúrò lórí tírígà. Ẹ yọ mágásíìnì, ìyẹn àpò irin tí wọ́n ń to ọta sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa sláìdì sẹ́yìn, kí ọta tó ti wà nínú ihò tí wọ́n ti ń yìn ín bọ́ sílẹ̀. Ẹ há a sẹ́yìn, ẹ fojú wò ó, ẹ fi ìka kan ihò náà, ẹ tún un wò. Ẹni tó bá fa sláìdì kó tó yọ mágásíìnì, ọta kan ló yọ, òmíràn ti wọlé rọ́pò rẹ̀. Ó máa rò pé ìbọn ti ṣófo. Báyìí ni ìbọn "tí kò lọ́ta" ṣe ń pààyàn.

Bí ẹ bá fa tírígà tí kò dún, ẹ má yí ìbọn wò. Ẹ jẹ́ kó kọjú sí àmì fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ọta náà lè pẹ́ kó tó bú. Bó bá dún wẹ́rẹ́ bí ẹni da omi síná, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọta há sínú ọ̀pá, èkejì tó bá tẹ̀ lé e lè fọ́ ìbọn mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ wọ gíláàsì ojú àti ohun ìdáàbòbò etí, àti aṣọ tí ọrùn rẹ̀ kò ṣí, torí èèpo ọta gbígbóná tí ìbọn ń tu jáde máa ń já síbẹ̀. Ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ sì pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó gbé ọmọ mọ́ra, torí eruku òjé tó léwu máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti aṣọ ẹni tó yìnbọn.

Ìyá Ìbejì, Sugar Land
Ẹ ṣé, Akin. Ti àwọn ọmọ ni tèmi. Ní Texas, bí ọwọ́ ọmọ tí kò tó ọdún 17 bá tẹ ìbọn tó lọ́ta nítorí àìbìkítà yín, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú, ìjìyà rẹ̀ sì le jù bí ọmọ náà bá yìn ín tó pààyàn tàbí tó ṣe èèyàn léṣe púpọ̀. Orí kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú báàgì ọwọ́: ọmọ ọdún 6 ti mọ gbogbo rẹ̀. Ẹ ra àpótí irin tó ń fi nọ́ńbà ṣí, ẹ fi bóòtù dè é mọ́ ilẹ̀ tàbí ògiri, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ olè á gbé e lódindi. Ẹ má fi ọjọ́ ìbí ọmọ ṣe nọ́ńbà. Ẹ máa pààrọ̀ bátìrì kó tó kú. Kọ́kọ́rọ́ oníwáyà tí ìsọ̀ máa fún yín, ẹ kì í bọ̀ ọ́ mọ́ tírígà o, inú ihò mágásíìnì ni ẹ ń gbà á kọjá kí sláìdì má lè padé.

Kí àwọn ọmọ mọ̀ pé bí wọ́n bá rí ìbọn níbikíbi, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n kúrò níbẹ̀, kí wọ́n pe àgbà.

Àdùkẹ́ Houston
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Màá sọ fún àbúrò mi. Ìbéèrè kan ló kù: a ń lọ sílé ní Kérésìmesì. Ṣé kí n kó ìbọn náà fún aládùúgbò?

Baba Ìbàdàn, Katy
Inú àpótí tó ti wà ní dídè náà ló yẹ kó wà, kí ọta wà lọ́tọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ara ìbọn sílẹ̀ síbòmíràn, òun ni ọlọ́pàá máa béèrè bí olè bá jí i. Ẹ má sì ronú àtigbé e wálé, òfin ìbọn Nàìjíríà ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tó jẹ́ èèwọ̀. Báàgì tí ẹ ń gbé lọ ibi ìdánrawò, ẹ má fi rìnrìn àjò rárá. Ọta kan ṣoṣo tó há sísàlẹ̀ àpò rẹ̀ tó láti dá yín dúró ní Murtala Muhammed.