Ṣé kí a kó kúrò ní Èkó lọ sí Òṣogbo?

Aránṣọ Agége

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ èmi àti ọkọ mi lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà náà kọjá rí là mí lọ́yẹ̀. Ọdún 14 ni a ti ń gbé Èkó. Ilé oníyàrá méjì ni a wà ní Ìyànà-Ìpájà, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kan ní Agége pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Onílé wa ti sọ owó ilé di mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà lọ́dún, ó sì ní owó ọdún méjì ni òun yóò gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Erékùṣù. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni ó ń jí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé àwọn ọmọ ti sùn kí ó tó wọlé. Ọmọ wa kékeré ní ikọ́ fée, bí àwọn aládùúgbò bá sì ti tan jẹnẹrétọ̀ wọn lálẹ́, gbogbo wa ni a kì í sùn mọ́.

Ní báyìí, ilé iṣẹ́ ọkọ mi ti gbà kí ó máa ṣiṣẹ́ láti ilé, kí ó sì máa yọjú lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ọmọ Ìkìrun ni, ó sì ní Òṣogbo ni kí a lọ, nítorí pé ibẹ̀ kò jìnnà sí àwọn òbí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní máa gbé inú agbo ilé pẹ̀lú wọn. Iṣẹ́ tèmi ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kó àwọn oníbàárà tí mo ní jọ, n kò sì mọ ẹni tí yóò gbé aṣọ wá fún mi ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí fún mi, èyí tó dára àti èyí tí kò dára.

Ìyá Ìbejì

Arábìnrin mi, ẹ kú ìrònú. Ọdún 2021 ni èmi àti ìdílé mi kó dé Òṣogbo láti Ìkòròdú. N kò kábàámọ̀, ṣùgbọ́n ọdún àkọ́kọ́ kò rọrùn rárá.

Àkókò ni ohun tí a kọ́kọ́ rí gbà padà. Láti ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀ dé ilé ìwé àwọn ọmọ kò gbà ju ìṣẹ́jú 12 lọ lórí ọ̀kadà, bí ọkọ mi bá sì ti ibi iṣẹ́ dé, oòrùn kì í tíì wọ̀. Àwọn ìbejì mi tí wọ́n máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn bí mo bá fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, kò pé ọdún kan tí àwọn fúnra wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ kí àgbà, tí wọ́n sì ń pàlọ́ fún mi lálẹ́, àwọn àlọ́ tí èmi gan-an ti gbàgbé. Bí wọ́n bá ní kí n fi owó díwọ̀n ìyẹn, n kò mọ iye tí ǹ bá pè é.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 450 náírà ni a ń san lọ́dún lórí ilé oníyàrá mẹ́ta. Iṣu, gàrí, ẹ̀fọ́ àti ata kò wọ́n ní ọjà Ìgbọ̀nà tó ti Èkó, nítorí pé àwọn oko kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ó bá ti Èkó wá, ìbáà ṣe okùn ìránṣọ, síìpù tàbí ẹ̀yà ara máṣíìnì yín, owó ọkọ̀ ti gun orí rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ yín, ó sì ti le sí i láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù.

Ní ti iṣẹ́ yín, ẹ dákun, ẹ má ṣe ti ṣọ́ọ̀bù Agége pa. Ẹ fi èyí tó mọṣẹ́ jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín síbẹ̀, kí ó máa wọn àwọn oníbàárà, kí ó sì máa fi aṣọ ránṣẹ́ sí yín ní wébìlì. Èmi tí mo ń ta àdìrẹ, bí mo ṣe ń bá àwọn oníbàárà mi ní Èkó ṣe é nìyẹn títí di òní. Ìlú aró ni Òṣogbo, ẹ ó sì rí àdìrẹ tó jọjú rà lọ́wọ́ àwọn tó ń pa á láró gan-an, èyí tí ẹ lè rán kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí Èkó. Kí ọkọ yín náà mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021 kò kọjá Ìbàdàn. Bí kò bá fẹ́ wọ mọ́tò dé Èkó, ó lè wọ mọ́tò dé Ìbàdàn, kí ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà.

Káfíńtà Alágbàdo

Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ, ṣùgbọ́n èmi lọ, mo sì padà. Ọdún méjì ààbọ̀ ni mo lò ní Òṣogbo. Owó tí mo ń san lórí ibi iṣẹ́ mi níbẹ̀ kò tó ìdámárùn-ún ti Èkó, igi sì pọ̀. Àmọ́ tìmùtìmù, aṣọ ìjókòó àti gọ́ọ̀mù, Èkó ni gbogbo wọn ti ń wá, nígbà tí owó tí oníbàárà fẹ́ san lórí àga kan náà kò ju ìdajì ohun tí wọ́n ń san fún mi níhìn-ín.

Èyí tó lé mi padà gan-an ni gbèsè. Ní Èkó, ẹni tí kò mọ̀ mí rí ló ń gbé iṣẹ́ fún mi, mo sì lè ní kó san owó sílẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan igi, láìwo ojú rẹ̀. Ní ìlú kékeré, àna onílé rẹ, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ àti olùkọ́ ọmọ rẹ ni oníbàárà rẹ. Wọn yóò ní, "Ìparí oṣù ni o, kò ní bàjẹ́," bí o bá sì béèrè lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò ní ojú owó rẹ ti pọ̀ jù. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, owó àga mẹ́jọ ló wà níta, mẹ́ta péré ni mo rí gbà nínú rẹ̀. Èmi kò lè sọ pé ìwà burúkú ni wọ́n hù sí mi, nítorí pé àwọn náà ló wá kún ilé mi nígbà tí ìyá mi kú, tí wọ́n dáná fún àlejò láti ìdájí di alẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé ara wọn níyẹn. Ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń jẹ ni yóò ṣòro fún.

Kí n fi èyí kún un: Òfin Ìyálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gba onílé láyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tó ń san owó ọdọọdún. Ìkọ̀yí, Erékùṣù Fikitóríà, Àpápá àti GRA Ìkẹjà ni òfin náà yọ sílẹ̀, Ìyànà-Ìpájà kò sí lára wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí owó ọdún méjì yẹn nìkan lé yín kúrò nílùú.

Ọmọ Òròkí

Ẹ̀yin ọmọ mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí. Ohun tí Káfíńtà sọ ní ìdí tó jìn. Ọkọ̀ ojú irin tó dé ìlú wa ní ọdún 1907 ló sọ ọ́ di ìlú òwò, ṣùgbọ́n láti ọdún 1991 tí Òṣogbo ti di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, owó oṣù ìjọba ló ń gbé apá tó pọ̀ nínú ọjà ró. Láti ọdún 2015 sí 2018 tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba kò gba owó oṣù wọn pé, alágbàtà, aránṣọ, onírun àti onílé ni gbogbo wọn jọ pebi. Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ ń ti ìta ìlú wọlé, bí ọkọ yín, ni ìlú wa rọ̀ lọ́rùn jù. Ìmọ̀ràn Ìyá Ìbejì lórí ṣọ́ọ̀bù Agége ni kí ẹ dì mú ṣinṣin.

Ọ̀rọ̀ omi ni ẹnì kankan kò tíì sọ, òun ló sì ká mi lára jù. Kànga tàbí bọ́ọ̀hóòlù ni ọ̀pọ̀ ilé gbára lé. Odò Ọ̀ṣun tí a ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ti di omi ẹrẹ̀ nítorí wúrà tí wọ́n ń wà ní òkè odò, ní apá Ìjẹ̀ṣà. Igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005 wà létí odò kan náà, mo sì máa ń sunkún bí mo bá dúró lórí afárá ibẹ̀. Ẹ má ṣe wá wo ilé ní oṣù kẹjọ nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí òjò ti kún kànga, tí ìlú sì kún fún àlejò. Oṣù kẹta ni kí ẹ wá, kí ẹ sọ korobá sínú kànga onílé fúnra yín, kí ẹ sì bi àwọn ará àdúgbò léèrè iye wákàtí tí iná fi ń wà lójúmọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìyẹn yàtọ̀ láti òpópónà kan sí èkejì.

Ní ti ikọ́ fée ọmọ yín, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wà níbí, ti Ifẹ̀ náà kò sì jìnnà. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹ gba ìwé ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà yín kí ẹ tó kúrò ní Èkó, nítorí pé eruku ọyẹ́ níbí kò kéré.

Aránṣọ Agége

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ka ọ̀rọ̀ Káfíńtà fún ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì, a sì ti fẹnu kò pé n kò ní gba iṣẹ́ láìsan owó sílẹ̀, ìbáà ṣe lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. A ó wá ní oṣù kẹta, a ó sì mú korobá dání. Ìbéèrè kan ló kù, Ìyá Ìbejì: nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé, tí ẹ kò tíì mọ ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ ta ni ẹ máa ń fi àwọn ọmọ sí bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Èkó?

Ìyá Ìbejì

Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀wà ní ìdojúkọ ilé wa ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí a dé ni òun fúnra rẹ̀ wá bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń wọ́ àwọn ọmọdé lọ sí ìrìn àjò. Kò gba owó lọ́wọ́ mi rí. Ẹ̀wà ni mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀.