Èkó sí Houston: wákàtí mélòó gan-an ni?

Ìyá Dàre (Houston): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Màámi ń bọ̀ lóṣù kẹjọ, wọ́n fẹ́ wá bá mi tọ́jú ọmọ tuntun. Tíkẹ́ẹ̀tì ní bàálù á gbéra l'Ékòó ní aago mọ́kànlá alẹ́, á balẹ̀ sí Atlanta ní aago mẹ́fà àárọ̀. Aago méje ààbọ̀ ni èyí tó ń bọ̀ ní Houston á gbéra. Mo ti sọ fún wọn pé wákàtí méje péré ni wọ́n máa fi jókòó, ni ẹ̀gbọ́n mi bá bú sẹ́rìn-ín. Kí ni mi ò rí?

Bọ̀dá Wálé (Atlanta): Ẹ̀gbọ́n yín jàre o. Aago ìlú tí bàálù bá wà ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Lóṣù kẹjọ, aago Nàìjíríà fi wákàtí márùn-ún ṣáájú tiwa. Tí màámi bá balẹ̀ ní mẹ́fà àárọ̀, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ti lù l'Ékòó. Wákàtí méjìlá gbáko nìyẹn. Ọ̀nà náà tó 9,400 kìlómítà, bàálù wo ló máa fi wákàtí méje rìn ín?

Ìyá Dàre: Yéè! Mo mà ti ní kí wọ́n má jẹun kí wọ́n tó wọlé.

Dádì Kẹ́hìndé (Peckham): Kí ló dé tí wọn ò gba ọ̀dọ̀ wa? Èkó sí London ò ju wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lọ, aago wa ò sì yàtọ̀ lásìkò yẹn.

Bọ̀dá Wálé: Dádì, ẹ bá wa ṣírò ẹ̀. 5,000 dé ọ̀dọ̀ yín, bíi 7,800 láti ọ̀dọ̀ yín dé Houston. Tí wọ́n bá gba Atlanta, gbogbo ẹ̀ ò ju bíi 10,500 lọ. Atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún náà tún wà níbẹ̀, ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà ń kọjú sí i ni, ẹni tó ń lọ sílé ni ó ń tì lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí àtilọ fi máa ń yá ju àtibọ̀ lọ.

Àǹtí Bísí (Houston): Ẹ fi atẹ́gùn sílẹ̀ ná. Ìyá Dàre, wákàtí kan ààbọ̀ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù! Atlanta ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ wọ Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni imigiréṣọ̀n ti máa yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n á gba ẹrù wọn, wọ́n á tún un fi sílẹ̀ fún bàálù kejì, wọ́n á tún gba ibi àyẹ̀wò kọjá. Ìyá ọkọ mi ò bá bàálù kejì, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó dé. Ẹ fún wọn ní wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ sì bá wọn béèrè wíìṣíà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá Dàre: Ẹ ṣeun, mà. Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ti yí i sí aago mẹ́wàá ààbọ̀. Wíìṣíà ni màámi ò gbà. Wọ́n ní ta ni mo pè ní arọ.

Àǹtí Bísí: Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó bá jókòó sínú ẹ̀ kì í pẹ́ lórí ìlà.

Ìyá Dàre: Wọ́n ti gbà.